Lọ Wo Iná, Bọ̀sẹ̀

Ohùn omi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ nílé wa. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á máa dà á láti inú garawa sínú ọpọ́n ńlá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé wọn kò fẹ́ jí i. Lẹ́yìn náà ni n ó gbọ́ ọwọ́ wọn lára aṣọ, fọ́ṣọ́, fọ́ṣọ́, fọ́ṣọ́, wọn á gbọn aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan, pàá, wọn á sì sá a. Nígbà tí n ó bá fi lajú lórí ẹní, aṣọ funfun á ti kún inú agbo ilé, sùtánà gígùn gígùn tí atẹ́gùn ń gbé sókè tó tún ń sọ̀ kalẹ̀, apá wọn nà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sì ní sí ènìyàn kankan nínú wọn. Mo máa ń dùbúlẹ̀ wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀, n kò ní mọ̀ bóyá mo ti jí tàbí mo ṣì ń sùn. Títí di òní, tí mo bá ń kọjá ládùúgbò tí mo rí aṣọ funfun lórí okùn, ẹsẹ̀ mi á fà sẹ́yìn díẹ̀. Ọdún kan ló máa ń padà wá bá mi, ọdún tí mo kọ́ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì, tí mo sì kọ́ bí a ṣe ń lanu.

Alágbàfọ̀ ni Ìyá Àgbà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, lápá Ọjà Igbó, tí ẹ bá béèrè Ìyá Alágbàfọ̀, ọmọ kékeré á mú yín dé ẹnu ọ̀nà wa. Aṣọ àwọn ará ìjọ aládùúrà ni wọ́n ń fọ̀ jù, ti àwọn ìyá ọlọ́jà, ti awakọ̀, ti káfíńtà, àwọn tí kò ráyè fọ sùtánà wọn kó funfun tó bó ṣe yẹ kó funfun níwájú Ọlọ́run. Ẹ̀gẹ́ kan náà la fi ń wọṣọ tí a fi ń jẹun: èyí tó bá kó jọ sí ìsàlẹ̀ omi rẹ̀ ni sítáàṣì, ìyókù la ń yan ní gàrí. Ìdí nìyí tí ilé wa fi máa ń rùn bí ẹ̀gẹ́ tútù láàárọ̀, tí á sì máa rùn bí èédú àti aṣọ gbígbóná nírọ̀lẹ́. Ìyá Àgbà á kán búlúù sínú omi ìkẹyìn, wọn á ki aṣọ bọ sítáàṣì, wọn á sì fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí á fi dúró gbagidi bí ẹni tó fẹ́ máa rìn lọ. Ojú wọn mú ju ti ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ lọ. Láti ìdí kànga ni wọ́n ti máa rí àbàwọ́n tí kò tó orí abẹ́rẹ́ lára aṣọ tó wà lórí okùn lọ́hùn-ún, wọn á ní, "Bọ̀sẹ̀, bá mi sọ èyí kalẹ̀. Kò tíì mọ́."

Iṣẹ́ tèmi ni iná. Èmi ni mò ń fẹ́ èédú, èmi ni mò ń gbọn eérú nù kó má baà ta sára aṣọ. Nítorí náà, kò sí gbólóhùn tí mo gbọ́ tó "Bọ̀sẹ̀, lọ wo iná." Tí èédú bá ń kú lọ, wọn á ní kí n lọ wo iná. Ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà kan bá wọlé tí ọ̀rọ̀ fẹ́ dé ibi tí kò yẹ kí ọmọdé gbọ́, bákan náà ni wọn á ní kí n lọ wo iná, kódà bí iná bá ń jó geere. Mi ò ní jiyàn. Màá dìde, màá lọ jókòó sídìí ààrò lẹ́yìn ògiri, màá mú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìdajì gbogbo ọ̀rọ̀ ayé mi. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé màmá mi ti fẹ́ ọkọ mìíràn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé bàbá mi, tó ń wa tírélà lọ sókè Ọya, kò ní tètè dé. Ibẹ̀ náà ni mo ti gbọ́ pé ilé ìwé mi á dúró ná, torí iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún àgbàlagbà kan ṣoṣo. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwọn ará ilé máa ń fi yìn mí: "Bọ̀sẹ̀ ò láriwo rárá." Mo gbà pé ìyìn ni lóòótọ́.

Ọjọ́ kan tí mo ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà lọ́nà Sábó ni mo gbọ́ ohùn kan tí kò jọ ti ilé wa. Pọ́. Á dákẹ́. Pọ́. Ó ń wá láti ẹ̀yìn ògiri kan tí bíríkì rẹ̀ ti ṣí níbì kan, mo sì gbé ojú mi síbi tó ṣí náà. Pápá tẹ́níìsì àtijọ́ kan ni, ilẹ̀ pupa, àwọ̀n tí wọ́n ti rán lọ́nà púpọ̀ láàárín rẹ̀. Àwọn ọmọ kan jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ìwé lórí itan, àwọn kan wà lórí pápá pẹ̀lú rákẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ọmọ olówó kan nínú wọn. Ọmọ mẹ́káníìkì wà níbẹ̀, ọmọ ẹni tó ń ta ọsàn wà níbẹ̀, ọmọ Sábó sì pọ̀. Ohun tó mú mi dúró ni àwọn ilà. Ẹfun ni wọ́n fi fà á sórí ilẹ̀ pupa náà, ó gún, ó sì funfun tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé Ìyá Àgbà ló fọ̀ ọ́. Mi ò tíì rí nǹkan funfun tó dùbúlẹ̀ sórí erùpẹ̀ báyẹn tí ẹnikẹ́ni ò sì bínú sí i. Ọkùnrin kan tó gbé fèrè sọ́rùn rí ojú mi lójú ihò náà. Ó ní, "Ìwọ tó ń yọjú, ṣé ò ń kí wa ni àbí ò ń ṣọ́ wa?" Mo sáré. Apẹ̀rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí mi.

Àṣé oníbàárà wa ni ọkùnrin náà. Jalabíà funfun tí wọ́n fi ń lọ kírun Jímọ̀ ni wọ́n gbé wá nígbà tó yá, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà nínú agbo ilé. Kóòṣì Múfú ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá." "O ṣeun, ọmọ mi. Kí ló ṣe aṣọ yìí? Ṣé o sin nǹkan sí i ni?" "Erùpẹ̀ pápá ni, Màmá." Wọ́n wá ń ṣàlàyé. Wọ́n ní àwọn kan ló kóra jọ dá àjọ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ilé ìwé wọn ti dúró tàbí tó fẹ́ dúró, pé ọ̀fẹ́ ni, pé ìwé kíkà ló máa ń ṣáájú, pé ẹni tí kò bá kàwé kò ní fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì. "Ọmọ yín yìí yọjú wò wá láti ẹ̀yìn ògiri." Ìyá Àgbà dúró pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́. "Bọ̀sẹ̀? Èyí tí kì í yọjú wo àlejò?" "Òun ni, mà." "Kí ni wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀? Mi ò fẹ́ ìdí níta o." "Yẹ̀rì tó bo orúnkún ni, Màmá." "Kó bo orúnkún, kó sì tún sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i. Bọ̀sẹ̀, lọ wo iná." Nígbà tí n ó fi padà, wọ́n ti fẹnu kò. Tí mo bá ti parí iṣẹ́ ọ̀sán, mo lè máa lọ. Ìyá Àgbà fúnra wọn ló ki yẹ̀rì mi bọ sítáàṣì. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tí mo bá ń sáré lórí pápá, a máa ń gbọ́ ọ, kàṣà, kàṣà, bí ẹni ń rìn lórí ewé gbígbẹ. Mẹ́mù, ọmọ Sábó kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, sọ mí ní Bébà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọjọ́ náà ni mo tún dá àrà kan tí wọn kò gbàgbé. Kóòṣì dúró lódìkejì àwọ̀n, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sókè, wọ́n ní, "Bọ̀sẹ̀, gbà!" wọ́n sì gbá a sí mi. Àgbàlagbà ló ní kí n gbà. Mo kúnlẹ̀. Mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Bọ́ọ̀lù gba orí mi kọjá, ó lọ lu ògiri. Gbogbo pápá pa ẹ̀rín. Mẹ́mù yí gbirigbiri nílẹ̀. "Ẹ bá mi wò ó! Ó rò pé ẹran Iléyá ni wọ́n ń pín!" Kóòṣì kò rẹ́rìn-ín, àbí kí n sọ pé wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má baà rí i. Wọ́n ní, "Dìde, ọmọ dáadáa. Dúró gbà á." Ó pẹ́ kí orúnkún mi tó gbọ́. Lálàá ni mo máa ń rí àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn báyìí, oòrùn tó ti rọ̀, eruku pupa tó dúró lófuurufú bí ẹni pé kò mọ ibi tí yóò lọ, ohùn bọ́ọ̀lù, ohùn àwọn ọmọ tí wọ́n ń kàwé pọ̀ lábẹ́ máńgòrò. Àǹtí Ìdòwú tó ń lọ yunifásítì ló ń kọ́ wa níbẹ̀. Tí wọ́n bá bi mí pé, "Ṣé ó yé ẹ?" màá ní, "Ó yé mi, mà," yálà ó yé mi tàbí kò yé mi, torí mo rò pé ìdáhùn tí ń mú inú olùkọ́ dùn nìyẹn. Títí wọ́n fi jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Bọ̀sẹ̀, ẹnu ẹ ní ó yé ẹ, ojú ẹ ní rárá. Èwo ni kí n gbọ́?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé náà látorí ojú ewé kìíní. Mi ò kàwé jìnnà láyé mi, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń kọ síbí yìí, abẹ́ igi yẹn ni mo ti kó o.

Ìgbà òjò ni Àǹtí Ṣadé wá. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, wọ́n ń ta àwo oníke ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ọmọ wọn kékeré sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Mo pò gàrí fún wọn, mo fi ẹ̀pà sí i. Wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń gbọn eérú. "Màmá, ẹ fún mi ní Bọ̀sẹ̀. Ọmọ mi kékeré ò jẹ́ kí n jókòó tajà. Mo fẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tí kì í sọ̀sọkúsọ." Mo dúró. Ìyá Àgbà ní, "Bọ̀sẹ̀, lọ wo iná." Láti ìdí ààrò ni mo ti gbọ́ ìyókù. "Ó ń lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níwèé o, Ṣadé. Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú." "Kò sí bọ́ọ̀lù ní tèmi o, Màmá. Ọjà ni, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n á rí oúnjẹ jẹ, á rí aṣọ wọ̀. Ẹ̀yin náà ti ń dàgbà." Àǹtí Ṣadé tún ní, "Ṣé ó sọ pé òun ò fẹ́ ni?" "Kò sọ nǹkan kan." "Ṣé ẹ rí i? Ó fẹ́ nìyẹn. Tí ọyẹ́ bá dé, màá wá mú un." Mo ń fẹ́ iná. Mo ń fẹ́ ẹ títí èédú pọ́n bí ojú oòrùn, mi ò sì lè dúró. Gbogbo ohun tó wà nínú mi ló ń kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gba ẹnu jáde. Mo rò pé Ìyá Àgbà á mọ̀. Ẹni tó ń rí àbàwọ́n láti ìdí kànga, mo rò pé wọn á rí i lára mi.

Kí ọyẹ́ tó dé, Kóòṣì kó wa lọ sí Ọ̀yọ́ láti bá àwọn ọmọ ilé ìwé kan gbá bọ́ọ̀lù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí Ìyá Àgbà ṣe ń dì mí ní gèlè kékeré sórí, wọ́n ní, "Má lọ bá ẹnikẹ́ni jiyàn ní ìlú onílùú o. Ẹni tó bá jù ọ́ lọ, gbà fún un." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Nínú irú tẹ́níìsì tí àwa ń gbá, kò sí réfírì. Bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ, ìwọ lo máa sọ bóyá inú ilà ló bọ́ sí tàbí ìta. Tó bá jẹ́ ìta, wàá pariwo pé "Áòtù!" Tí o kò bá sọ nǹkan kan, inú ni. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Títí ni wọ́n fún mi, ó ga, ó sì jù mí lọ dáadáa. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń bọ́ sẹ́yìn ilà, mò ń rí i, mi ò sì sọ̀rọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú ẹ̀gbọ́n kí n sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀? Ó nà mí bí ẹni ń na aṣọ. Nínú bọ́ọ̀sì tí à ń bọ̀ wálé, Mẹ́mù ò jẹ́ kí n sinmi. "Bébà, bọ́ọ̀lù kan bọ́ sí Ìsẹ́yìn, o ní inú ni!" Kóòṣì ní kó fi mí sílẹ̀. Wọ́n wá jókòó tì mí. "Ṣé o rí àwọn bọ́ọ̀lù yẹn?" "Mo rí wọn, sà." "Kí ló dé?" "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, sà." "Mi ò ní kí o má bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ilà tó wà lọ́dọ̀ rẹ, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ sọ ọ́. Èmi gan-an ò lè sọ ọ́." Mo ronú ọ̀rọ̀ yẹn títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ojú Àǹtí Ṣadé ni mo ń rí nínú rẹ̀.

Ọyẹ́ ti ń yọ́ wọlé nígbà tí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ wá sọ́dọ̀ tiwa. Ìyá Àgbà gbé jalabíà Kóòṣì wá sí pápá, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ jókòó sinmi ẹsẹ̀ díẹ̀. Wọ́n jókòó sábẹ́ máńgòrò pẹ̀lú aṣọ náà lórí itan. Títí ni wọ́n tún fún mi. Kò pẹ́, bọ́ọ̀lù rẹ̀ bọ́ sẹ́yìn ilà, erùpẹ̀ ta sókè, èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo mú bọ́ọ̀lù, mo fẹ́ jù ú padà fún un. Ohùn kan sọ lábẹ́ igi. "Níta ló bọ́ sí! Èmi tí mo jókòó síbí rí i!" Gbogbo wa yíjú. Kóòṣì sáré lọ, wọ́n ń tẹrí ba bí wọ́n ṣe ń lọ. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹni tó ń wòran kì í sọ̀rọ̀." "Ṣé ẹ̀yin ò rí i ni?" "A rí i, Màmá." "Ọmọ gíga yẹn ńkọ́?" Títí ní, "Ó jìnnà sí mi, mà. Mi ò rí i dáadáa." "Ta wá ni kó sọ ọ́?" "Bọ̀sẹ̀ ni, Màmá. Òun nìkan. Tí kò bá ti sọ̀rọ̀, a ó gbà pé inú ni." Ìyá Àgbà yíjú sí mi. Wọ́n wò mí. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo aṣọ tí wọ́n ti ká tán, tí wọ́n wá rí ohun kan lára rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn. Wọ́n bi Kóòṣì ní ohùn pẹ̀lẹ́, "Ṣé bó ṣe ṣe náà nìyí ní Ọ̀yọ́?" "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Wọ́n kàn mi orí sí mi lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí áyọ́ọ̀nù bá ti gbóná tó, tí mo lè gbé e wá.

Bọ́ọ̀lù mìíràn dé. Ìta ló bọ́ sí. Mo fi rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa pẹ̀lú orúnkún méjèèjì, yẹ̀rì mi ró kàṣà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Áòtù ni." Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹyẹ fi fò kúrò lórí igi. Títí gan-an di ikùn mú. Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó ní, "Mo gbà, àbúrò. Dìde." Ó ṣì nà mí lọ́jọ́ náà, àmọ́ ó làágùn. Ẹ lè lọ wò ó fúnra yín lónìí: àwọn ọmọ pápá yẹn, tí wọ́n bá ń bá ẹ̀gbọ́n gbá bọ́ọ̀lù, wọn á tẹ orúnkún kan díẹ̀ kí wọ́n tó ké "Áòtù." Àwọn kékeré ò mọ ibi tó ti wá. Wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ń gbá tẹ́níìsì ní gbogbo ayé nìyẹn. Bí èmi àti Ìyá Àgbà ṣe ń lọ sílé, wọ́n ṣáájú, mo tẹ̀ lé wọn. Ní ìkóríta ni wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọn kò bojú wẹ̀yìn. "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ látìgbà yẹn?" "Ẹ ní kí n má jiyàn, mà." Wọ́n ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ohùn wọn dà bí ohùn omi láàárọ̀.

Àǹtí Ṣadé dé lọ́jọ́ kan tí ọyẹ́ bo gbogbo nǹkan, tí a ò lè sá aṣọ síta, tí sùtánà kọ́ sínú yàrá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí à ń gba abẹ́ wọn kọjá bí ẹni ń rìn nínú ìkùukùu. Wọ́n mú báàgì òfìfo kan lọ́wọ́ fún ẹrù mi. Wọ́n jẹun, wọ́n nu ẹnu. "Ó yá, Bọ̀sẹ̀. Lọ di ẹrù ẹ, kí ọkọ̀ má baà kún." Ìyá Àgbà ń lọ aṣọ, wọn kò gbójú sókè. Mo wá síwájú Àǹtí Ṣadé, mo kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." "Kí ló ṣẹlẹ̀?" "Mo ní ẹ má bínú, mà. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan." Àǹtí Ṣadé wo Ìyá Àgbà, wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Màmá, ẹ ò rí nǹkan? Ọmọ tí wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀. Bọ̀sẹ̀, àwọn àgbà ló ń ṣètò yìí. Dìde, lọ wo iná."

Orúnkún mi ti fẹ́ gbéra. Àmọ́ mo gbọ́ tí áyọ́ọ̀nù jókòó sórí irin rẹ̀, mo gbọ́ tí egungun ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ró bí wọ́n ṣe ń dìde. Wọ́n mú abẹ̀bẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Jẹ́ kó sọ̀rọ̀, Ṣadé. Iná yẹn, èmi ni n ó lọ wò ó." Wọ́n gba abẹ́ àwọn aṣọ funfun kọjá, ọ̀kan mì, òmíràn mì, a ò rí wọn mọ́. Mo sọ ọ́. Mo ní mi ò fẹ́ lọ. Mo ní mo fẹ́ dúró ti Ìyá Àgbà, mo ní ìwé tí mò ń kà kò tíì tán, mo ní mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn mi, àmọ́ mi ò fẹ́ lọ. Mo sọ ọ́ ní ìkúnlẹ̀, mo sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn ògiri, abẹ̀bẹ̀ dúró. Ìyá Àgbà ní, "Ṣadé, ṣé o gbọ́?" "Mo gbọ́, Màmá." "Èmi náà gbọ́." Àǹtí Ṣadé ká báàgì òfìfo wọn. Abẹ̀bẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, wọn kò sì tètè wọlé. Èmi ni mo dá iná náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ó ń jó geere.